Ìwé Tí Mo Há Sórí

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Túsìdeè. Àwa mẹ́ta la wà ní kíláàsì àwọn àgbà ní Ìlaròó: olùkọ́ wa, obìnrin kan tó ń ránṣọ, àti èmi. Ọjọ́ yẹn ni olùkọ́ fẹ́ mọ ẹni tó lè ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá lọ́dún yìí. Ní ọjọ́ orí mi, bí mo bá tún pàdánù ọdún kan, mi ò mọ̀ bóyá màá padà wá.

Ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ la kọ́kọ́ mú. Mo ti há orí tó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ sórí látòkè délẹ̀. Olùkọ́ yìí ò ju àkọ́bí mi lọ. Ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ń gbin ẹ̀gẹ́ sójú kan náà lọ́dọọdún, kí ló máa ṣe ilẹ̀ náà?"

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó dá mi dúró. "Ẹ má kà á fún mi, sà. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ lóko."

Mo tún padà sí ìlà àkọ́kọ́.

Aránṣọ ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Mọ́tò Bàbá wa, tó bá ti dúró lọ́nà, àfi kó padà sí gáréèjì kó tó tún gbéra."

A rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé kéwú ní Ayétòrò nìyẹn, kí n tó dàgbà wọ ilé ìwé. A ó máa ké e sókè. Ẹni tó bá dúró, á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ìtumọ̀. Mo ti ń gbin ẹ̀gẹ́ láti ìgbà èwe mi. Koríko orí ilẹ̀ nìkan ni mo máa wò tí màá mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣá. Síbẹ̀ mi ò rí i sọ.

Olùkọ́ ní, "Ó di ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá. Tí ẹ bá sọ ọ́, màá fi orúkọ yín sílẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó di àmọ́dún. Ta ló ń gbọ́ ìwé yín nílé?"

Mo ní, "Kò sí."

Ìyàwó mi ló máa ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Kò kàwé rárá. Tó bá ń bó ẹ̀gúsí, èmi á máa kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á ní, "Ẹ dúró ná, bàbá wọn. Kí lẹ ní ó ṣe ilẹ̀?" Màá ṣàlàyé. Á ní, "Irọ́ ni wọ́n pa síbẹ̀. Oko bàbá mi ò rí bẹ́ẹ̀." A ó jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo rò pé èmi ni mò ń kọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti kú, ohùn mi nìkan ló ń dún nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo jókòó síwájú ilé. Mo ka ìpínrọ̀ kan, mo pa ìwé dé. Mo sọ ọ́ sókè pé ẹ̀gẹ́ máa ń fa ọ̀rá ilẹ̀ tán, pé tí ilẹ̀ ò bá sinmi, ẹ̀gẹ́ á kàn máa rúwé, kò ní ta. Mo bi ara mi, bí ìyàwó mi ìbá ṣe bi mí, pé ẹni tí kò ní ilẹ̀ míì ńkọ́? Mo dáhùn pé kó gbin ẹ̀wà sí i.

Obìnrin ilé kejì ń kọjá lọ. Ó rò pé mò ń fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi kí wọn o."

Mo ní wọ́n á gbọ́. Mo ṣí ìwé, mo ka ìpínrọ̀ kejì.