Ẹyẹ Kan Ló Kù Kó Pé Ọ̀ọ́dúnrún

Mi ò ní purọ́ mọ́ Clive Garbutt, ó mọ ẹyẹ. Ní Scarwick wa yìí, létí òkun, kò sí ìyẹ́ tó já bọ́ tí kò lè sọ orúkọ ẹyẹ tó ni ín. Ìwà rẹ̀ ni kò bá mi lára mu. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, títí dòní ni kò sì gbà pé wọ́n ti lu aago àṣíwọ́. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ẹyẹ tí èèyàn rí àti èyí tí kò rí. Bẹ́ẹ̀ ni o. Èèyàn á fojú ara rẹ̀ rí ẹyẹ, àwọn mẹ́ta á jókòó sídìí bíà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, wọ́n á ní kò rí i.

Ohun tí wọ́n ṣe fún Nesta Pickersgill nìyẹn. Nesta ló ń din ẹja àti ọ̀dùnkún tà létí òkun. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó rí ẹyẹ aláwọ̀ aró kan lórí wáyà iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, irú èyí tí kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Garbutt kọ lẹ́tà sí i pé ẹyẹlé ni, oòrùn ló tàn sí i lára. Obìnrin tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé lé ẹyẹlé nídìí ọ̀dùnkún! Garbutt tún wá fi òfin lé e: ẹni tí kò bá ní fọ́tò gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí, ẹni tí ìgbìmọ̀ bá sì ti sọ pé kò rí ẹyẹ tó ní òun rí kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí láéláé.

Garbutt fúnra rẹ̀ ti rí ọ̀ọ́dúnrún oríṣi ẹyẹ ó dín ẹyọ kan ní agbègbè wa. Ọdún mẹ́fà ló fi ń wá ẹyọ kan yẹn, dókítà sì ti sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn ẹyẹ ń ti Áfíríkà pa dà bọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì òkè etíkun, Nesta wà ní ìkángun kejì. Garbutt ń wàásù fún un lórí ìwúlò kámẹ́rà nígbà tí ẹyẹ kan tí Garbutt kò tíì rí rí bà síwájú wọn, ìyẹ́ orí rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé bí abẹ̀bẹ̀. Atẹ́gùn ló gbé e kọjá ibi tó ń lọ. Garbutt ya fọ́tò mẹ́rìnlá. Àṣé kò ṣí ọmọrí kúrò lójú kámẹ́rà, fọ́tò kankan kò jáde.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ka òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe sí i létí. Wọ́n ní kí Nesta tó lè ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀, àfi kó kọ̀wé pé Nesta rí ẹyẹ aláwọ̀ aró yẹn lóòótọ́. Ó gbé ìwé dé ṣọ́ọ̀bù Nesta níṣojú mi.

“Nesta, ẹ mọ̀ pé mo rí i.”

“Mo mọ̀. Màá fọwọ́ sí i. Ẹ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi náà rí tèmi.”

Garbutt kọ ọ́ pé “Ó ṣeé ṣe kí Nesta ti rí i”. Nesta ní kó pa “ó ṣeé ṣe” rẹ́. Garbutt wo wáyà ìta títí.

“Ẹyẹlé ni, Nesta.”

Ó ká ìwé rẹ̀, ó ra ẹja kan, ó lọ. Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Orí ọ̀ọ́dúnrún ó dín kan náà ló ṣì wà. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́ báyìí. Láràárọ̀, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, Nesta á máa dárúkọ ẹyẹ tó ń kọjá fún un. Èyí tí Nesta bá ní òun rí, Garbutt á kọ ọ́ sílẹ̀.