Ìda Tí Mo Wá fún Ọkọ̀ Funfun

Kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ dán ní gbogbo òkè Kétu bí èmi. Lọ́jọ́ tí mo dán mọ́tò funfun ọmọ mi tán, àkùkọ aládùúgbò wa rí ara rẹ̀ nínú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó bá a jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, àkùkọ inú ilẹ̀kùn ló sì kọ́kọ́ kọ. Agbo màlúù kan tó ń kọjá lọ sí ọ̀nà Okpomèta tò síwájú mọ́tò náà, wọ́n rò pé odò ni, wọ́n fẹ́ mumi. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, kí àwọn ọmọ wọn kọ́kọ́ mu. Oòrùn fúnra rẹ̀ yà fún un lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé wa ló gbà kọjá. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àkùkọ náà. A ti sè é jẹ, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ṣì wà.

Ilé ìwé tí mo lọ kò gùn. Wọ́n kọ́ mi láti máa ka Faransé sókè ketekete, ṣùgbọ́n bàbá mi wá mú mi lọ sóko àgbàdo kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Títí di òní, mo lè ka ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sára agolo. Ohun tí mo kà ni mi ò mọ̀.

Ìtòsí Idigny ni ilé wa wà, létí ọ̀nà. Ọ̀nà náà pupa bí osùn. Ìyàwó mi ló ń jókòó sórí pẹpẹ amọ̀ iwájú ilé, ibẹ̀ ló ti ń wo ayé. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan wá, ojú rẹ̀ ń lọ. A gbé e dé Kútọnu. Dókítà ojú tan iná sí i, ó wò ó títí, ó ní kì í ṣe irú èyí tí wọ́n máa ń yọ nǹkan kúrò lórí rẹ̀ kó tún ríran. Ó ní iṣan tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọ inú orí ló ń kú, èyí tó bá sì ti kú nínú rẹ̀ kì í jí. Ó fún wa ní oògùn tí a ó máa kán sí i, kí èyí tó kù má bàa tètè lọ. Mo bi í pé ṣé kò lè yọ ọ̀kan nínú tèmi fún un, èmi tí mo ti rí ohun tó yẹ kí n rí àti èyí tí kò yẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wò mí lójú.

Ohun kan ṣoṣo tí ìyàwó mi ṣì lè dá mọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ni nǹkan funfun. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin ń ṣe olùkọ́ ní ìlú Kétu, mọ́tò rẹ̀ sì funfun. Ní ọjọ́ Jímọ̀, tó bá jáde ní lekọ́ọ̀lù tó ti ń kọ́ni, ó máa ń wa mọ́tò náà wá sọ́dọ̀ wa. Ìyá rẹ̀ á ti jókòó, á ti kọjú sí ọ̀nà. Bí mọ́tò bá ti yà níbi igi oṣè, tí funfun kékeré náà bá yọ lórí ilẹ̀ pupa, á ní, "Ó ti dé." Á dìde, á lọ bu omi tí a fi ń pàdé àlejò. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a bù ú. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pa mọ́tò, ìyá ti dúró tì í pẹ̀lú igbá omi. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi ń retí ìṣẹ́jú yẹn.

Ọyẹ́ wá dé. Ọyẹ́ ọdún náà le, eruku ń rin ìrìn àjò bí èèyàn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, a jókòó, mo rí mọ́tò tó ń bọ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti àwọ̀ ọ̀nà kan náà ni. Ìyàwó mi ṣì ń wo ọ̀ọ́kán nígbà tí ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọmọ yìí pẹ́ lónìí," ó sọ ọ́ sí mi.

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ni ọmọ wí láti ibi tí ọwọ́ lè kàn án.

Ìyàwó mi ta gìrì. Ó bá a sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé omi mọ́. Nígbà tó yá ó bi mí pé, "Bàbá wọn, àbí ó ti pa mọ́tò rẹ̀ láró ni?"

Mo ní eruku ni. Inú mi dùn pé mo rí eruku dá lẹ́bi. Eruku ṣeé fọ̀.

Ọmọ fọ mọ́tò náà lọ́jọ́ kejì. Kó tó wà á dé ilé alágbàdo ládùúgbò kó sì padà, ó ti pọ́n. Mo wá rí i pé kì í ṣe fífọ̀ la nílò, ohun tí a ó fi pa á lára tí eruku kò fi ní rí ibi dúró sí ni. Mi ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dá òrí lábàá fún ara mi, mo rántí pé eruku fẹ́ràn òrí ju bí èmi ti fẹ́ràn ẹmu lọ. Mo jókòó.

Ìyàwó mi ló dá àbá.

"Kí ni a fi ń pa ògiri tí òjò fi ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀?"

"Omi èèpo igbá," mo ní.

Gbogbo obìnrin ilẹ̀ wa ló mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ti yọ hóró igi igbá láti fi ṣe irú, wọn kì í da èèpo rẹ̀ nù. Wọ́n á sè é títí omi rẹ̀ á fi ki, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn sára ògiri amọ̀, á gan mọ́ ọn. Ògiri tí ìyàwó mi pa nígbà tó wà ní ìyàwó tuntun, òjò kò tíì rí i gbé ṣe.

"Ohun tó lé òjò," ó ní, "ṣé eruku ló máa bẹ̀rù?"

Ó dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri lọ sí ibi tó kó èèpo sí, ó dáná, ó sè é fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò nílò ojú fún iṣẹ́ yẹn. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ tó ń kọrin nídìí iná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ọmọ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwa méjèèjì pa ìdérí ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà, ibi tí wọ́n ń pè ní kapó. Mo ń darí ọwọ́ rẹ̀, ó ń bá mi wí pé mi ò wọ́n ọn kárí.

Ó gbẹ. Ó dì mọ́ ọn dáadáa. Àwọ̀ ògiri ilé wa gan-an ló ní.

Ọmọ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó dúró.

"Bàbá, kí lẹ fi pa mọ́tò mi?"

"Ohun tí a fi pa ilé tí wọ́n bí ọ sí."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa gbé inú rẹ̀ ni?"

Ìyàwó mi jókòó sórí pẹpẹ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì pọ́n. "Ṣé ó dára?" ó bi í.

Ọmọ wò mí. Ó wo ìyá rẹ̀. "Ó dára, Màmá," ó ní. "Òjò ò ní wọ̀ ọ́."

Lẹ́yìn ilé ni èmi àti ọmọ ti fi ọṣẹ àti omi gbígbóná bó o, kí ìyá má bàa gbọ́ ìró kànìnkànìn. Àbàwọ́n díẹ̀ kò lọ. Ní ọjọ́ kejì mo fi ìyàwó mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, mo bá ọmọ lọ sí Kétu.

Ọkùnrin kan wà nítòsí ọjà níbẹ̀ tó ń ta nǹkan ẹ̀ṣọ́ ọkọ̀. Nàìjíríà ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Kétu ló dàgbà sí. Ó to agolo àti ìgò sílẹ̀ débi pé mo ṣi fìlà fún wọn.

"Bàbá, mọ́tò aláwọ̀ wo ni?"

"Funfun."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó dán ni, àbí ẹ fẹ́ kó pẹ́?"

"Ṣé kò sí èyí tó ń ṣe méjèèjì?"

"Ìyàwó ni wọ́n ń wá bẹ́ẹ̀, Bàbá. Àwọn tó ń wá a ṣì ń wá a."

Ó gbé agolo kan kalẹ̀, ó ní ìda rèé, èyí tí wọ́n ń pè ní sìrì. Ó ní ó dára lára mọ́tò dúdú, á jinlẹ̀ bí omi kànga. Ṣùgbọ́n lára funfun, dídán rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Oòrùn wa á mú un rọ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, tó bá sì pẹ́, funfun lè máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó wá gbé ìgò kan kalẹ̀. Ó ní èyí kì í ṣe ìda, omi tó ń gan lórí ọ̀dà ni. Tó bá ti gan, eruku á máa yọ̀ lára rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò.

Àwòrán ara agolo ìda wù mí. Mo gbé e, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, mo kà á kí gbogbo ọjà gbọ́.

"Bàbá," ọmọ mi ní, "ibi tí wọ́n ti ń kìlọ̀ pé kí ọmọdé má mu ún lẹ ń kà."

Mo gbé e sílẹ̀. Mo wá béèrè ohun tó gbé mi wá gan-an. Mo ní, "Èwo nínú méjèèjì ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá lè rí lọ́ọ̀ọ́kán?"

Ọkùnrin náà wò mí bóyá àwàdà ni.

"Ìyá mi ni," ọmọ mi sọ fún un.

Ó mú ìgò náà, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, bẹ́ẹ̀ kò sí eruku lára rẹ̀. "Ẹ mú olómi," ó ní. "Funfun rẹ̀ máa ń mọ́ jù."

Abẹ́ igi máńgòrò ní ilé ọmọ la ti pa á. A fọ mọ́tò náà títí àbàwọ́n tó kù fi lọ, a jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù, a fi àkísà rírọ̀ fi omi náà pa á. Mo fẹ́ kó pọ̀. "Díẹ̀díẹ̀, Bàbá," ọmọ ní, "kì í ṣe ọbẹ̀." A dúró títí ó fi rí bí èémí lára dígí, a fi aṣọ mìíràn nù ún kúrò. Ó funfun tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí ẹyẹ kọjá lókè rẹ̀. Mo gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, padà sílé, nítorí mo fẹ́ jókòó ti ìyàwó mi nígbà tí mọ́tò náà bá ń bọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Mo rí i bó ti ń yà níbi igi oṣè. Eruku pupa dìde lẹ́yìn rẹ̀, mọ́tò náà jáde nínú rẹ̀ bí eyín. Ó ta mí lójú. Mo wo ìyàwó mi. Ó kọjú sí ọ̀nà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ohunkóhun kò yí padà níbẹ̀. Mo wúkọ́. Mo ní afẹ́fẹ́ tutù. Mọ́tò ń sún mọ́ wa, mi ò rí nǹkan kan ṣe. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé, mo na ọwọ́ sí ọmọ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ pé kó padà, kó tún un wá. Ó yé e. Ó yí mọ́tò padà.

"Ta nìyẹn?" ìyàwó mi bi mí.

"Ẹnì kan ló ṣìnà," mo ní.

Ó tún yà níbi igi oṣè. Lọ́tẹ̀ yìí ó rọra bọ̀. Mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú, mo sì gbọ́ tó ní, "Mo rí i, Bàbá wọn. Funfun rẹ̀ mọ́ jù."

Irọ́ ni. Èmi ni mo hun ọ̀rọ̀ yẹn, kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì rí nǹkan kan, etí ló fi mọ̀ pé mọ́tò kan náà ló lọ tó tún bọ̀. Ohun tó sọ gan-an ni pé, "Ẹ má ní kó tún padà lọ mọ́. Ó ń jó epo."