Àwọn Tó Ń Gbálẹ̀ Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́

Kudo Tomie lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Tatsuo ni gbogbo wa ń pè é ní ìlú wa, ìlú awakùsà tó há sáàárín òkè ní Akita, ní àríwá Japan. Láti ìgbà tí a ti lọ́kọ ni ilé tiwa àti tiwọn ti fara ti ara wọn. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà la lọ, ojú kan náà la sì fi rí ogun ńlá nígbà tí a wà lọ́mọge.

Bàbà ni ọkọ rẹ̀ ń wà nínú ihò. Eruku ihò náà jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ títí ó fi ń wúkọ́ bí ẹni ń fa okùn jáde látinú kànga, ó sì kú nígbà tí Tatsuo ṣì kéré. Tomie gba iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó dé láàárọ̀, ó ti nu ilẹ̀ pákó gbogbo kíláàsì, ó ti dáná sítóòfù, ó ti kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ títí ó fi wọ yunifásítì ní Tokyo. Lọ́jọ́ tí a sin ọmọ náà dé ibùdókọ̀ ojú irin, mo ní, "Ìyá Tatsuo, o ti dìyá ọ̀mọ̀wé o. Ṣé o ṣì máa máa dá wa lóhùn?"

Ó ní, "Hatsu, kọ́kọ́ nu imú ẹ ná. Ikun ti ń kán sí ọ lẹ́nu." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ojú tiẹ̀ ni omi náà kò tètè gbẹ.

Ọ̀rọ̀ tó wá di ìjàǹbá yìí ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Lọ́dún kan tí odò kún, tó sì wó etí bèbè, àwọn ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀ rí egungun. Olùkọ́ ní egungun ajá ni. Gbogbo ìyá tí ọmọ bi léèrè nílùú ló sọ pé, "Panu mọ́, kí o jẹun." Tomie nìkan ni kò purọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó mú un jókòó sídìí iná, ó ní, "Egungun èèyàn ni."

Ó sọ fún un bí ilé-iṣẹ́ kùsà ṣe kó àwọn ọkùnrin wá látilẹ̀ China àti Korea nígbà ogun, pẹ̀lú ipá, bí wọ́n ṣe ń fi bàtà koríko rìn nínú yìnyín, bí ebi ṣe ń pa wọ́n, bí èyí tó bá ṣubú ṣe ń di ohun tí wọ́n ń fẹsẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Etí odò ni wọ́n ń sin wọ́n sí, bí ẹni da ilẹ̀ nù.

Ọmọ náà bi í pé, "Màámi, ta ni wọ́n mú nítorí ẹ̀?"

"Wọn ò mú ẹnì kankan."

"Ilé-iṣẹ́ náà ńkọ́?"

"Òun náà ló ń bọ́ gbogbo ìlú yìí. Òun ló bọ́ bàbá ẹ."

Tatsuo wọlé lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ní Tokyo ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ pàdé. Wọ́n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó egungun wọ̀nyẹn jáde, kí wọ́n sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn ẹbí. Èsì kankan kò wá. Wọ́n gbé pátákó dúró níwájú ilé ńlá alájà púpọ̀ tí àwọn ọ̀gá ń jókòó sí. Ọlọ́pàá fi kóńdó lù wọ́n, eyín Tatsuo kan ṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà jáde sí wọn lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ dáadáa, ẹ lọ kàwé yín." Mo rò pé ẹ̀rín yẹn dun Tatsuo ju kóńdó lọ. Lẹ́yìn náà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá tiwọn lọ, wọ́n wáṣẹ́, wọ́n gbéyàwó. Àwọn mélòó kan ló kù nínú yàrá kékeré kan, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn nìkan, tí wọ́n ń bu ìbínú fún ara wọn bí ẹni bu oúnjẹ. Ẹnì kan nínú wọn ló sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ti tán.

Tatsuo wálé lọ́dún tuntun kan, ó ti gbẹ. Mo wà níbẹ̀, mo ń bá Tomie yan kiritanpo, ìrẹsì gígún tí a fi sára igi, létí iná.

Ó ní, "Màámi, bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn títí, tí wọn ò ṣí, kí lẹ máa ṣe?"

"Màá máa lọ sílé. Bóyá wọn ò sí nílé."

"Wọ́n wà nílé. Wọ́n ń jẹun."

"Tóò, màá tún padà lọ́la. Jẹ tìẹ náà kó tó tutù."

Ó jẹ ẹ́. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, kò sì tún sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ilé mi la ti gbọ́, lórí tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ǹbù dún ní ilé ńlá ilé-iṣẹ́ náà ní Tokyo kí ilẹ̀ tó mọ́. Gíláàsì wó lulẹ̀ bí òjò, ó fọ́ ojú àwọn tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ àárọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́dẹ kan kú. Obìnrin agbálẹ̀ kan tún kú, Pak Bun-i lorúkọ rẹ̀, ará Korea tó dàgbà sí Japan. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn, aṣọ ìborí funfun wà lórí rẹ̀, irú èyí tí Tomie máa ń wé lọ síbi iṣẹ́. Tomie ní, "Áà, ẹni ẹlẹ́ni." Ó ní kí n bu tíì kún ife òun.

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá fi dé, wọ́n ní Tatsuo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é, pé ó ti wà látìmọ́lé. Bàtà ni wọ́n wọ̀ gun orí ẹní Tomie, wọ́n tú gbogbo ilé, wọ́n tú tèmi náà.

Ìgbà tí wọ́n gbà wá láyè láti rí Tatsuo lẹ́wọ̀n, èmi ni mo tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ. Gíláàsì ló wà láàárín wa, wọ́n lu ihò wẹ́wẹ́ sí i kí ohùn lè kọjá. Tatsuo jókòó ṣanṣan. Kí ìyá rẹ̀ tó la ẹnu, ó ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ka ìwé: pé àwọn kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, pé òru ni àwọn yí aago bọ́ǹbù náà sí, aago náà ló ya wèrè, pé kò yẹ kí èèyàn kankan wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Tomie fara mọ́ gíláàsì náà. Ó ní, "Ta lo rò pé ó ń gbá ibẹ̀?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ aago náà.

"Mo ní ta lo rò pé ó ń gbá ibẹ̀, Tatsuo? Ìwọ tí ìgbálẹ̀ tọ́ dàgbà! Ìwọ tí o ń jí bá ibùsùn mi tó ti tutù! O ò mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣáájú ilẹ̀ jí, kí ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá tó mọ́?"

Tatsuo tẹ orí ba. Ó ní, "Ará Korea ni obìnrin náà, Màámi. Lọ́yà sọ fún mi. Wọ́n fipá kó bàbá ẹ̀ wá síbí láti wa èédú." Ó wá fi orí lu tábìlì, ó lù ú títí wọ́n fi wá mú un dìde. Láti ọjọ́ náà, ẹnu rẹ̀ kò tún dárúkọ egungun tàbí ilé-iṣẹ́ mọ́. Àwọn baba wa máa ń sọ pé òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Wọn kò sọ pé ó lè pa ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́.

Tomie lọ sí Kawasaki nítòsí Tokyo, sí ilé ọmọbìnrin Pak Bun-i tó ń jẹ́ Sun-ja, mo tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn. Lọ́dún kejì ó tún lọ. Lọ́dún kẹta ni Sun-ja jáde sí wa, ó wọ ápúrọ́ọ̀nù, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi abọ́.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má wá mọ́."

Tomie ní, "Mi ò wá tọrọ ìdáríjì. Mi ò lójú ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀ tẹ́ ẹ dìde, mò ń rí i pé ó ń fúyẹ́ lára yín díẹ̀. Mi ò fẹ́ kó fúyẹ́ lára yín." Kò pariwo. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ní ìlú wa, ẹnikẹ́ni kò lé Tomie. Wọ́n kàn ní kó sinmi lẹ́nu iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́, pé àwọn òbí ń kọminú. Níbi ìwẹ̀ gbogbogbòò, tó bá wọ inú omi gbígbóná, àwọn yòókù á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ara wọn ti móoru tó. Ẹnì kan fi ọ̀dà kọ "apànìyàn" sára ògiri rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ la jọ fọ̀ ọ́, kò lọ tán.

Ṣùgbọ́n ohun tó burú jù nìyí. Ṣáájú bọ́ǹbù, àlùfáà tẹ́ńpìlì wa àti àwọn àgbà awakùsà kan ti ń pète láti gbé òkúta ìrántí kan sí etí odò. Wọ́n ti rí ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Lẹ́yìn bọ́ǹbù, àlùfáà yìí ò gbọdọ̀ la ẹnu mọ́. Ẹni tó bá ti ní "àwọn ará China", wọ́n á dá a lóhùn pé, "Ṣé ìwọ náà ti di Tatsuo ni?" Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sunkún lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo Japan bá a sunkún. Ilé-iṣẹ́ tó yẹ kó tọrọ ìdáríjì di ẹni tí à ń kí ní pẹ̀lẹ́.

Wọ́n dájọ́ ikú fún Tatsuo. Ní ilẹ̀ wa, wọn kì í sọ ọjọ́ ikú náà fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ni ẹni náà á gbọ́ ẹsẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọdún gorí ọdún báyìí, títí irun ọmọ náà fi ń funfun lẹ́wọ̀n. Lọ́jọ́ kan tí a ń gé radíìṣì, gbòǹgbò funfun kan tí a fẹ́ fi èéfín yan, tẹlifóònù dún. Tomie gbé e, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣeun." Ó padà wá jókòó, ó mú ọ̀bẹ. Ó gé radíìṣì kan tán kó tó sọ fún mi pé wọ́n ti so ó rọ̀, pé wọ́n ní kóun wá gba òkú.

A sun òkú náà bí àṣà wa, a sì sin eérú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Àlùfáà ka àdúrà, ó kúrú.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọ̀mọ̀wé kan wá láti yunifásítì Sendai, obìnrin tó mọ̀wàáhù. Ó ń wá àwọn tó fojú rí àwọn tí wọ́n fipá kó wá sí kùsà. Àwọn tó rí i ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ó bá wa lẹ́nu ọ̀nà, ó wólẹ̀ dáadáa, ó ní, "Màámi, wọ́n ní ẹ wà lọ́mọge nígbà náà. Kí lẹ rí?"

Tomie ní, "Mi ò rí nǹkan kan."

Mo wò ó. Mo ní, "Ìyá Tatsuo…"

Ó ní, "Hatsu, mo ní mi ò rí nǹkan kan. Ìgbà kan ni mo sọ ohun tí mo rí, mo sọ ọ́ fún ẹnì kan. Wo ohun tó fi ṣe."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì lọ. Ó bi èmi náà léèrè lójú ọ̀nà, mo sọ ìwọ̀nba tí mo rántí, ṣùgbọ́n Tomie ló gbé nítòsí ojú ọ̀nà wọn, òun ló mọ orúkọ díẹ̀ nínú wọn, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n.

Ó kú ní ilé àwọn arúgbó ní Odate, nígbà tí yìnyín ń yọ́. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn tí mo kí i, kò dá mi mọ̀. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu aṣọ ibùsùn, sọ́tùn-ún, sósì, ó ń kánjú. Nọ́ọ̀sì ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn láàárọ̀ gbogbo. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó já a gbà, ó sì ń bá a lọ.