Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Dúpẹ́

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹja bá kún ọkọ̀ rẹ̀ dẹ́nu, "Ó dáa" ni yóò wí. Bí àwọ̀n rẹ̀ bá fà ya pátápátá, "Ó dáa" náà ni. Ìyá mi ní ọdún tí òun kọ́kọ́ wọlé ọkọ, òun rò pé ọ̀fun ló ń dùn ún, òun sì ń fún un ní oyin lá.

Nítorí náà, nígbà tí ìgbì dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé níbi tí odò wa ti ń wọ òkun, tó sì jẹ́ aládùúgbò wa kan ló yọ ọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú aṣọ tútù, ó béèrè oúnjẹ, ó jẹ pupuru rẹ̀ tán, ó lọ sùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyá mi lọ ra edé létí odò, ni wọ́n ń kí i kú ewu, tó sì wá mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí òun di opó.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló pè mí lórí fóònù. Ìgbókòdá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́.

"Máa bọ̀ nílé ní Sátidé," ó ní. "A ó ṣe ìdúpẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Bàbá rẹ ní òun kò ní jó, òun kò ní sọ̀rọ̀, ọkàn lòun yóò fi dúpẹ́. Ṣé ọkàn ni wọ́n fi fà á jáde nínú omi ni?"

Nígbà tí ọkọ̀ gbé mi dé ní Sátidé, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn, ìrèké àti àbẹ́là ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi sì ń yan ẹja tí èéfín rẹ̀ mú kí ojú gbogbo ilé pọ́n. Bàbá mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ewu, Bàbá."

"Ewu wo?"

"Ewu omi tó fẹ́ gbé yín lọ."

Ó ronú díẹ̀. "Háà. Ìyẹn. Ó dáa."

Ìyá mi yọjú láti ìdí iná. "Bàbá wọn, ẹ ṣáà ju ẹsẹ̀ díẹ̀ fún Ọlọ́run lọ́la. Díẹ̀ ni mo wí."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹsẹ̀ wo? Èyí tí ẹ fi fò sínú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Ọlọ́run mọ ọkàn mi," ni bàbá mi wí, ó sì yíjú sí odò.

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n," ni ìyá mi dáhùn. "Ìjọ ni kò mọ̀ ọ́n."

Ọkùnrin tó yọ bàbá mi, Mùsùlùmí ni, ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa lódìkejì odò, níbi tó ti ń ta okùn àti àwọ̀n. Àlááji là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé Mẹ́kà. Ó ní ó sàn kí àwọn èèyàn ti máa fi kọ́ra kí òun tó lọ. Ìyá mi lọ pè é sí ìdúpẹ́ náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló béèrè: ṣé oúnjẹ ń bẹ níbẹ̀?

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa, orí òpó ni a kọ́ ọ sí lójú omi, pákó sì ni ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Àlááji dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú jalabíà aláwọ̀ búlúù, tó rí bàtà gbogbo wa níta, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ̀yin náà ń bọ́ bàtà? Ilé ni mo wà yìí." Ó bọ́ tirẹ̀, ó lọ jókòó lẹ́yìn.

Nígbà tí àkókò ẹ̀rí tó, wòlíì pe bàbá mi síwájú. Bàbá mi dúró nínú sùtánà rẹ̀, ó ń wo àjà.

"Ẹ yin Olúwa."

"Halelúyà!"

"Mo ṣubú sómi. Mo jáde. Ẹ ṣé o." Ó yí padà, ó fẹ́ lọ jókòó.

Ìyá mi dìde. "Kò tíì tán o!"

Ẹ̀rín sọ láàárín ìjọ. Wòlíì gbá bàbá mi léjìká mú pẹ̀lẹ́. "Bàbá, ẹ là á yé wa díẹ̀ sí i."

Bàbá mi ronú títí. "Omi náà tutù," ó ní.

"Wòlíì," ni ìyá mi tún ké, "ẹni tó yọ wọ́n ń bẹ lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn!"

Wọn kò ní láti pe Àlááji lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti dìde kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀ tán.

"Ìrọ̀lẹ́ ni, mo ń bọ̀ láti Etíkàn," ó bẹ̀rẹ̀. "Mo gbọ́ ohùn. Mo rò pé àwọn méjì kan ló ń jà lójú omi. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Àfi bàbá yìí, tó dì mọ́ kẹ́ẹ̀gì, tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ná ọjà! Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí."

Bàbá mi wúkọ́. "Àlááji, ó tó."

"Kò tíì tó. Wọ́n ní, 'Olúwa, ìyàwó mi ní kí n má lọ lónìí. Bí mo bá kú báyìí, á máa bá òkú mi wí títí dé ibojì.'"

Àwọn ìyá ìjọ fi ìborùn bojú rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n wá ní, 'Bí O bá yọ mí, n ó jó níwájú Rẹ títí pákó ilé Rẹ yóò fi ké.'"

A ń gbọ́ omi lábẹ́ wa. Ìyá mi rọra yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn! Ẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́, ẹ wá ń sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ń dùn yín?"

Bàbá mi ń wo ilẹ̀. "Mo rò pé èmi àti Ọlọ́run nìkan ló wà níbẹ̀ ni," ó ní.

Wòlíì gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó nawọ́ sí àwọn akọrin, agogo sì dún. Bàbá mi dúró bí òpó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni ń fa àwọ̀n wọlé ló ṣe ń jó: ó tẹ̀, ó fà, ó tún tẹ̀. Kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n ó ń ti inú wá. Ìjọ dìde tẹ̀lé e. Àlááji náà ń mi orí níbi tó wà. Pákó bẹ̀rẹ̀ sí í ké lóòótọ́. Ìyá mi, tó ti ń ti bàbá mi láti ọjọ́ mélòó kan, ló wá ń pariwo pé, "Ó ti tó o! Ọlọ́run ti rí i!" Bàbá mi kò gbọ́. Ó gbẹ́sẹ̀ sókè, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, pákó kan dá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlé dé orúnkún.

Àwọn obìnrin figbe ta. Àlááji sáré wá, ó ti fẹ́ fà á, wòlíì ní kó dúró ná, kí òun kọ́kọ́ gbàdúrà sí i lórí kó tó jáde. Bàbá mi wà níbẹ̀ títí a fi ṣe àmín, ẹsẹ̀ kan nílé, ẹsẹ̀ kan lábẹ́ ilé. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ó gbọn sùtánà rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ́ ti pé," ó ní, ó lọ jókòó.

Ní ọjọ́ Ajé, mo ti ń di ẹrù mi láti padà sí Ìgbókòdá nígbà tí bàbá mi yọjú pẹ̀lú òòlù. "Wá bá mi di pákó mú." A jọ lọ sí ilé ìsìn, àwa méjèèjì nìkan. Ó kó ìṣó sẹ́nu, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó ti kan èyí àkọ́kọ́ tán, ó tu ìyókù sí ọwọ́.

"Ẹ̀rù bà mí," ó ní.

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Bí kẹ́ẹ̀gì ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ṣe ń rí èéfín ìlú wa lọ́nà jíjìn, tó ń gbìyànjú láti mọ èyí tó jẹ́ ti ìdáná ìyá mi. Bí ó ṣe gbọ́ ẹ́ńjìnnì Àlááji, tó rò pé áńgẹ́lì ló ń bọ̀, títí tó fi gbọ́ tí áńgẹ́lì náà ń bú ẹ́ńjìnnì. Ó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Oòrùn ti mú lórí pákó kí ó tó dákẹ́.

Ọkọ̀ tí ǹ bá wọ̀ ti lọ. Mo bá a di pákó tó kù mú.