Àga Tí Bàbá Elétí Kò Gbọ́

Ọjọ́ tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ àwo orin wá gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, sítúdíò sì tutù bí inú kànga. Bàbá Elétí fi téèpù sí ẹ̀rọ. Nígbà tí orin kẹta dé àárín, nǹkan kan dún: kíìnrín. Ọ̀gá gbé orí sókè.

"Bàbá, kí ló dún yẹn?"

"Èwo?"

"Kíìnrín yẹn."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Wọ́n dá téèpù padà. Ó tún dún: kíìnrín. Bàbá Elétí tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀ kí ó lè gbọ́ dáadáa, àga náà sì dún kíìnrín lábẹ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀gá lójú, ó ní, "Ẹ lọ fi etí yín han dókítà."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gba ohùn àwọn olórin sílẹ̀ nínú yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Ó ti lọ báyìí, aránṣọ náà ti lọ, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì ti jẹrà. Àmọ́ ẹni tó bá ti kọrin níbẹ̀ rí kò lè gbàgbé etí ọkùnrin náà. Ó yọ aago kúrò lára ògiri nítorí pé ó ń mí. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn obìnrin akọrin kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń gba ìbọn lọ́wọ́ ọmọ ogun. Ní ọjọ́ kan ó dá onígìtá dúró láàárín orin.

"Ikùn rẹ ń kọrin."

"Bàbá, mi ò tíì jẹun ni."

"Ta ló pè é sí ẹgbẹ́ yìí? Lọ fún un lóúnjẹ kó lè panu mọ́."

Nǹkan kan ló fi yàtọ̀ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í jókòó sẹ́yìn gíláàsì tí àwọn yòókù máa ń jókòó sí. Ó ní gíláàsì a máa purọ́. Bó bá ti to ẹ̀rọ rẹ̀ tán, á fi ìgbọ́hùn bọ etí, á wọ́ wáyà rẹ̀ gígùn tẹ̀lé ara rẹ̀, á gbé àga wọ yàrá tí wọ́n ti ń kọrin, á sì jókòó ní ìṣísẹ̀ méjì sí akọrin. Àga onígi ni, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi sílẹ̀ fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti yẹ̀. Ó ti jókòó lórí rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni.

Ẹgbẹ́ tó ni àwo yìí jẹ́ ọ̀dọ́ mẹ́rin: obìnrin akọrin kan, onígìtá, onídùùrù iná àti onílù. Orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú nígbà náà ni wọ́n ń kọ, èyí tí dùùrù rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ, tí ìlù rẹ̀ ń rìn déédéé bí aago. Gbogbo wọn gbọ́ àga náà. Wọ́n rò pé Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni. Àti pé, ta ni yóò sọ fún Bàbá Elétí pé òun gbọ́ ohun tí Bàbá Elétí kò gbọ́?

Àwo náà jáde, ó sì tà bí ẹni pé wọ́n dè é mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Orin kẹta ń ti ojú fèrèsé kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ọmọ iléèwé ń fi ẹnu dún kíìnrín lójú ọ̀nà. Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé dùùrù tuntun kan tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé dé ló ń dún bẹ́ẹ̀. Onídùùrù kò jiyàn. Ó rọra ń gba ìkíni.

Àṣé ọjọ́ ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ rédíò rán sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan wá fọ̀rọ̀ wá Bàbá lẹ́nu wò. Bàbá jókòó, àga dún, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì fò sókè: "Òun nìyẹn! Ẹ̀yin ará ilé, òun nìyẹn!" Bàbá dìde, ó jókòó. Ó tún dìde, ó tún jókòó. Lẹ́yìn náà ó pa gbogbo ẹ̀rọ, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn délé.

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ nígbà tó wọlé.

"Ṣé àga mi máa ń dún?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Ta ni kì í mọ àga ara rẹ̀?"

Kò jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó tẹ àwo pé kí wọ́n kó gbogbo àwo náà padà, pé àbùkù òun wà nínú rẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra àwọn àwo náà fúnra rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń kó wọn pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Àwọn olùtajà rí i pé ọjà ń yá, wọ́n ní kí wọ́n kó páálí méjì-méjì sí i wá.

Fún àwo kejì, ó kan àga tuntun, ó fi tìmùtìmù ìjókòó mọ́tò bò ó. Kò dún rárá. Àwo náà mọ́ tónítóní, kò sì sẹ́ni tó rà á. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé àga àtijọ́ padà. Ó ní àfi tí wọ́n bá gbé òun sin. Ó gbé àga náà lọ sílé, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ìgbà tó darúgbó ni etí náà fi í sílẹ̀. Ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà òjò, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn. Lójoojúmọ́ á jókòó sórí àga àtijọ́, á tẹ̀ síwájú, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá apá àga mú, á wo ẹnu ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ó dún?"

Ìyàwó á mi orí pé ó dún.

"Ìbàjẹ́," ni Bàbá á wí. Ní ọ̀la, á tún béèrè.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Ìyá, ìyàwó rẹ̀, tú gbogbo téèpù ilé wò, ó ń wá ohùn rẹ̀. Ohùn ẹlòmíràn ló kún wọn. Ibi tí Bàbá bá ti sọ̀rọ̀, ó ti fi abẹ gé e sọnù. Ẹni tó tọ́jú ohùn gbogbo ènìyàn kò fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ilé rẹ̀.

Inú ọ̀fọ̀ yẹn ló wà tí ilé-iṣẹ́ tó tẹ àwo fi rán ọmọbìnrin oníṣẹ́-ẹ̀rọ kan wá, òun àti obìnrin akọrin ìjọ́sí, tí orí rẹ̀ ti funfun. Wọ́n fẹ́ tún àwo náà tẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin náà mú lẹ́tà àtijọ́ jáde.

"Ìyá, a ti ṣe ohun tí bàbá bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀rọ òde òní ti yọ kíìnrín yẹn. Ìfọwọ́sí yín ló kù."

Wọ́n gbé orin kẹta sí i. Ó dé àárín, ó kọjá. Ibẹ̀ mọ́ bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù òkú kúrò. Ìyá mú bírò. Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ kọ ọ́. Ta ló ń bá òkú jiyàn?

"Ìyá," ni akọrin wí, "ìlà yẹn ló le jù fún mi. Ohùn mi kì í dé ibẹ̀. Bí mo bá ti ń gòkè lọ, Bàbá á tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ gbé mi. Bí mo bá gbọ́ àga yẹn, mo mọ̀ pé n kò dá wà."

Ìyá gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ dá a padà síbẹ̀."

"Lẹ́tà bàbá ńkọ́, Ìyá?"

"Bó bá bínú, kó dúró dè mí. Ó pẹ́ tí a ti jà gbẹ̀yìn."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ilé dákẹ́. Ìyá rọra lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó jókòó sórí àga náà, ó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó dún.

"Mo gbọ́ yín," ni ó wí.