Téèpù Pupa Tí A Rì Mọ́lẹ̀ Lẹ́yìn Ilé Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi o. Ohun tójú mi rí nínú àgbàlá wa l'Ágége, àyà mi ò tíì balẹ̀ lórí ẹ̀ títí di báyìí.

Télọ̀ ni mí. Aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó wà ní Oregun ni mo máa ń rán. Ṣọ́ọ̀bù mi dá dúró lẹ́yìn ilé tí a ń gbé, waya tó sì ń gbé iná lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ gba orí okùn tí gbogbo ilé ń sá aṣọ sí. Aṣọ tútù lábẹ́ waya tó ti bó! Ṣé ìyẹn bójú mu?

Mo bá pe Bọ̀dá Fẹ́mi, oníná kan tí mo fọkàn tán díẹ̀. Mo ní díẹ̀ o, torí èmi kì í fọkàn tán oníṣẹ́ ọwọ́ kankan tán. Wọ́n ní ká gba abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò gbọọrọ láti ara ilé dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tẹ́ waya tó nípọn sínú yanrìn, wọ́n to bíríkì lé e, wọ́n sì na téèpù pupa sórí bíríkì kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, téèpù yẹn ló máa kọ́kọ́ rí, á sì mọ̀ pé iná wà nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Sunday la ṣe é, nígbà tí gbogbo ilé ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa bi mí bóyá òun náà lè fa iná lára tèmi.

Kò pẹ́ ni mo rí i pé yẹ̀pẹ̀ náà ti tú níbì kan. Mo tẹ̀ ẹ́ padà. Ó tún tú. Ṣebí àwọn olè tó ń hú waya tà kún ìgboro? Mo fura sí ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò níwájú ilé. Mo tiẹ̀ fura sí Bọ̀dá Fẹ́mi fúnra wọn! Mi ò fura sí Màmá Dúpẹ́ rárá. Ará Èkìtì ni wọ́n, àwọn ni àgbà ilé wa, ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n sì ń lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ ra òwú ní Opebi, mo tètè dé. Màmá Dúpẹ́ ni mo bá lórí ìkúnlẹ̀ nínú sùtánà funfun, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń fi irin gígùn gún ilẹ̀. Wọ́n ti fa téèpù pupa jáde, irin náà sì ń dún lára bíríkì.

Mo ké sí wọn pé kí wọ́n dúró, wọ́n tún ń gún un lọ. Mo sáré wọlé lọ pa bírékà tó ń gbé iná lọ síbẹ̀, mo tó padà wá gba irin lọ́wọ́ wọn.

"Kí lo rì mọ́lẹ̀ níbí?" Bí wọ́n ṣe bi mí nìyẹn.

Mo ní waya iná ni. Wọ́n gbé téèpù náà sókè, wọ́n ní ta ló ń ri nǹkan pupa mọ́ waya bí kì í bá ṣe oògùn, àti pé látìgbà tí mo ti bo ilẹ̀ yẹn ni orúnkún ti ń dun àwọn. Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tí a fi síbẹ̀ kí èèyàn lè dáwọ́ dúró, òun gan-an ló mú kí Màmá máa gbẹ́ ẹ jìn sí i.

Mo pe Bọ̀dá Fẹ́mi. Ojú gbogbo wa ni wọ́n ṣe kó bíríkì kúrò. Ọ̀kan ti là sí méjì, waya sì wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Màmá wò ó títí.

"Mo gbà pé waya ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó o fi dúró dìgbà tá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó o tó rì í?"

Ojú tì mí gan-an.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba iná abẹ́ ilẹ̀ nínú àgbàlá tẹ́ ẹ̀ ń bá èèyàn gbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe gbogbo ilé jáde kẹ́ ẹ tó bò ó. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ìfura ti fẹ́ dá sílẹ̀ nílé tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ kà á.

Lọ́jọ́ tí a tún ilẹ̀ náà bò, gbogbo ilé ló dúró tì wá. Màmá Dúpẹ́ ló kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Mo ń wò wọ́n, mo sì ń rò ó pé àwọn gan-an ni à bá máa bu yẹ̀pẹ̀ bò.