Ẹni Tó Di Orí Okùn Mú

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ṣe títí mo fi di baba ọmọ. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀wé kà. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà. Nírọ̀lẹ́, tí mo bá ti fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lọ́wọ́, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Nígbà tí mo wá lè kàwé, tí mo sì lè kọ ọ́, ó tún ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ díyelé ilé ní Àjàṣẹ́.

Ó ní, "Ìwọ tó o mọ ohun tó wà nínú ògiri, kí ló dé tí ẹlòmíì á fi máa sọ iye tí ògiri tó?"

Ẹni tó ń díyelé ilé á wọn ilẹ̀, á wo ògiri, á wo òrùlé, á sì sọ iye tó yẹ kí wọ́n ta ilé náà. Àwọn tó bá fẹ́ pín ogún máa ń wá irú wa. Ilé wa níhìn-ín ní Ìfànyìn ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi okùn tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ wọn yàrá. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ di orí okùn mú. Ìyàwó mi á lóṣòó sí igun yàrá, á fi àtàǹpàkò tẹ orí okùn mọ́ ìdí ògiri, á ní, "Mo ti dì í mú." Tí mo bá pẹ́ níbi tí mo ti ń kà á, á ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ògiri ọ̀hún ti sá lọ ni? Ọbẹ̀ mi ń jóná o."

Ó kú kí n tó parí ẹ̀kọ́ náà.

Nínú ẹbí wọn, ibi yòówù kí ọmọbìnrin lọ́kọ sí, tó bá kú, ilé baba rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sin. Wọ́n gbé e lọ sí Lagbé. Wọ́n sin ín sínú yàrá tó ń sùn nígbà tó wà lọ́mọge. N kò bá wọn jiyàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ kí ìyàwó mi, mo ní láti di àlejò ní ilé àna mi. Màá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà, á ṣí yàrá náà fún mi, á sì lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn títí màá fi jáde. Kò bi mí rí pé kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Èmi àti iṣẹ́ tuntun yìí kò tíì mọwọ́ ara wa nígbà tí ẹ̀gbọ́n náà àti àbúrò ìyàwó mi obìnrin wá bá mi nílé. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ọmọ baba wọn. Ẹ̀gbọ́n ló ń gbé inú ilé náà, tó ń ṣe oko ọ̀pẹ. Àbúrò ń ta aṣọ ní Kútọnu, ó sì fẹ́ gba ìpín tirẹ̀. Ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ni pé tí iye ilé náà kò bá ga ju agbára ẹ̀gbọ́n lọ, á san ìpín àbúrò, ilé á di tirẹ̀. Tó bá ga jù, wọ́n á tà á fún oníṣòwò kan láti Ìgólò tó ti ń bèèrè rẹ̀.

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Dìde, iṣẹ́ la bá wá lónìí."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà ní búrò, níbi iṣẹ́ yín, nìyẹn?"

"Tó bá jẹ́ irú yín ni," ni mo wí.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìwọ la fẹ́ kó díyelé e. Àlejò ò mọ ilé yẹn."

Àbúrò ní, "Èmi náà fara mọ́ ọn. Iye tí ọkọ mi bá ti sọ, abẹ gé e."

Kò sí iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń bẹ̀rù pé tí òun bá kọ iṣẹ́ kan, ẹnikẹ́ni ò ní pe òun mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo rò. Ohun tí mo rò ni pé wọn á ṣí yàrá náà, màá sì pẹ́ níbẹ̀, láìsí pé mò ń ṣe àlejò. Mo ní màá wá.

Nígbà tí mo dé Lagbé, ẹ̀gbọ́n di orí okùn mú fún mi. Ẹ̀yìn ilé la ti bẹ̀rẹ̀. Mo rí i pé ògiri ẹ̀yìn ti là láti òkè dé ilẹ̀. Inú mi dùn. Mo gbójú sókè, mo rí i pé páànù ti dípẹtà níbi púpọ̀. Inú mi tún dùn. Mo tẹ ìsàlẹ̀ fèrèsé pẹ̀lú ìka, igi rẹ̀ sì rún. Mo ń wá àléébù kiri lára ilé náà bí ẹni tó ń ṣa ẹyìn ọ̀pẹ.

Níbẹ̀ ni mo rántí màdáàmù tó kọ́ wa níṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Ó máa ń sọ fún wa pé ohun tó le jù láti kọ́ ni bí a ṣe ń mọ iṣẹ́ tó yẹ ká kọ̀. Ó ní, "Kẹ́ ẹ tó na okùn, ẹ bi ara yín bóyá iye kan wà tẹ́ ẹ fẹ́ kí ilé náà jẹ́. Tó bá wà, ẹ máa lọ sílé."

Ó wà. Mo fẹ́ kó kéré. Mo fẹ́ kó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi ní í lè gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ìpín àbúrò ni màá sì fi rà á.

Mo ká okùn. N kò tíì dé yàrá náà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. N kò lè ṣe é."

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tà á ni?"

"Rárá. Ohun tí n kò fẹ́ gan-an nìyẹn. Ìdí tí n kò fi lè ṣe é náà nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n sọ orí okùn sílẹ̀, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn.

Mo pe àbúrò lórí fóònù, mo sọ fún un. Ó ní, "Ká ní ẹ ṣe é ni, mi ò ní yẹ̀ ẹ́ wò."

"Mo mọ̀," ni mo wí.

"Dàkọ́ọ̀, mo gbà. Ẹ wá ẹlòmíì fún wa."

Màdáàmù ló wá. Ó bèèrè ẹni tó máa bá òun di okùn mú. Ẹ̀gbọ́n kò dìde. Mo ní èmi á dì í mú, nítorí ẹni tó di okùn mú kọ́ ló ń dá iye.

A wọn gbogbo ilé ká, yàrá náà ló gbẹ̀yìn. Mo lóṣòó sí igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n sin ìyàwó mi sí. Mo fi àtàǹpàkò tẹ orí okùn mọ́ ìdí ògiri.

Mo ní, "Mo ti dì í mú."

Màdáàmù pẹ́ níbi tó ti ń kà á. N kò kán an lójú.

Iye tó sọ ga ju agbára ẹ̀gbọ́n lọ. Mo wò ó, n kò rí ibi tó ti ṣì í. Oníṣòwò Ìgólò ló ra ilé náà. Wọ́n bá a ṣàdéhùn pé kó má fọ́ ilẹ̀ yàrá yẹn, ó gbà, kò sì tíì yẹ àdéhùn. Ẹ̀gbọ́n kó lọ sí ahéré tó wà ní oko rẹ̀. Tí a bá pàdé, á jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀, á dá mi lóhùn, á sì kọjá.

Oníṣòwò náà ń kó gàrí sínú yàrá náà. Mo máa ń gun zẹmijan, ọ̀kadà wa níhìn-ín, lọ ra gàrí ní Lagbé.

Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí gàrí ní Ìfànyìn ni?"

"Tiyín gbẹ dáadáa," ni mo wí.

Ó jẹ́ kí n máa wọlé fúnra mi láti yàn. Ó mọ̀ pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Kò mọ ẹni náà, n kò sì sọ fún un. Màá fọwọ́ kan àpò kan, màá fọwọ́ kan òmíràn, títí màá fi dé igun tí mo ti di okùn mú lọ́jọ́sí. Àpò kan máa ń wà níbẹ̀ ṣáá. Màá ní ìyẹn ni mo fẹ́. Á gbé e jáde lọ sórí òṣùwọ̀n. Kó tó padà wá wọ́ òmíràn síbẹ̀, ilẹ̀ á hàn.